Àgbò Ẹlẹ́sẹ̀ Kìnnìún Ilé Wa ní Tíṣígù

Ní Tíṣígù, nílùú Tàmálè, bí ènìyàn bá ń wá ilé wa, wọn kì í pè é ní ilé ọkọ mi. "Ilé alágbò" ni wọ́n ń wí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, àgbò méjì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ sì dùbúlẹ̀ sí igun òkè rẹ̀ níwájú, wọ́n ń wo títì. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú, tó sì dúró wò wọ́n dáadáa, á rí i pé ẹsẹ̀ wọn kì í ṣe ẹsẹ̀ àgbò. Kò sí pátákò níbẹ̀. Èékánná ló wà níbẹ̀, ńláńlá, èékánná ẹranko tó ń pa ẹran jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bíríkìlà tó ṣe é kò mọṣẹ́. Ó mọṣẹ́. Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wí i pé mi ò fẹ́ràn ilé náà. Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò yin ilé fún un, ẹlòmíràn ni kó lọ bá.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú mi wá, ní ọdún díẹ̀ kí Gáná tó gba òmìnira, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Góòlù Kóòsì. Ìyàwó kejì ni mí. Ìyálé mi ti wà ní Tàmálè tipẹ́, aṣọ ló ń tà. Ọkọ wa ní tirẹ̀ ń ta àgádágodo, dígí, abẹ́rẹ́, òwú, ìlẹ̀kẹ̀ àti oríṣiríṣi nǹkan wẹ́wẹ́ ní ọjà ńlá. Yàrá àyágbé la wà ní àdúgbò Sákásáká. Ẹrù ọjà ti gba yàrá kan títí dé àjà, àwa sì ń fún ara wa pọ̀ nínú ìyókù.

Bí gbogbo Yoòbá Tàmálè ṣe ń gbé nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kà á sí ìyà. Àṣà wa ni pé yàrá là ń yá gbé lẹ́yìn odi, ilé là ń kọ́ sílé. Ọkùnrin á máa sùn lórí ẹní láàárín páálí ọṣẹ títí irun orí rẹ̀ á fi funfun, á sì máa kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà tàbí Ìwó, ilé tí kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ ju ewúrẹ́ àti ìyá arúgbó kan lọ. Bó bá lọ sílé, á dúró níwájú rẹ̀, á wò ó, wọ́n á kí i kú orí ire, á sì padà sáàárín páálí ọṣẹ. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó ti sọnù sí oko, wọ́n á máa fi í kọ́ ọmọ wọn lọ́gbọ́n.

Ọkọ mi wá ní Tàmálè lòun ó kọ́lé sí.

Ìyálé mi kò pariwo. Obìnrin tí kì í pariwo ni. Ó kàn fi ìdérí dé abọ́ oúnjẹ tó wà níwájú ọkọ wa, ó ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Ọkọ wa ní òun gbọ́. Ó ní kó ṣí abọ́ náà padà. Nígbà tó jẹun tán ló sọ ìdí rẹ̀, mi ò sì tún gbọ́ ọ kó sọ ọ́ délẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra obì ní ilẹ̀ Gáná láyé àtijọ́, tí wọ́n ń bá ọ̀wọ́ àwọn Hausa rìn. Ọ̀nà ló kú sí. Inú rírun ló mú un. Àwọn tó bá a rìn gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì bá ọ̀wọ́ lọ, nítorí ọ̀wọ́ kì í dúró de òkú. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dàgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ẹnì kan ní òkè odò ni, ẹlòmíràn ní ìsàlẹ̀ odò ni. Ọkọ mi ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà, kò rí nǹkan kan àyàfi koríko. "Níbi tí mo bá sùn sí," ó ní, "mo fẹ́ kí ọmọ mi lè nàka sí i. Inú ilé tí mo ti ń jẹun ni mo fẹ́ kí wọ́n sin mí sí. Ibí ni mo sì ti ń jẹun." Àwa Yoòbá kúkú mọ̀ pé inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sin onílé sí. Ìyálé mi kó abọ́ kúrò nílẹ̀. Èmi ní tèmi, ìyàwó tuntun ni mí, ta ní ń bi mí?

Ní Dàgbọ́n, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Dàgọ́mbà tí Tàmálè wà nínú rẹ̀, ènìyàn kì í ra ilẹ̀. Olóyè ló nilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á gbé obì lọ bá wúlánà, àgbà tó ń gbẹnu sọ fún olóyè, wúlánà á mú un wọlé, olóyè á sì ní kó lọ jókòó sí ibi báyìí. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Obì tí ọkọ mi gbé lọ pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà sì dára. Wọ́n fún un ní ilẹ̀ kan ní Tíṣígù. Wúlánà fi Hausa là á yé e, ó pè é ní màìgídá, ìyẹn onílé, ó ní, "Màìgídá, ògiri ni tìrẹ. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, a fún ọ kí o jókòó lé e ni." Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Mi ò rò pé ó tún ro ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn ìgbà tó dìde.

Bíríkìlà tó ránṣẹ́ pè láti ilé jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé bíi ti Àgùdà, àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà sí Èkó láyé àtijọ́. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ayé ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ilé kì í jẹ́ ilé bí kò bá ní òpó tó lọ́ bí okùn níwájú, tí kò sì ní òdòdó lórí fèrèsé. Ọkọ mi ní kó ṣe é. Àléébù ọkọ mi sì nìyí: bí ẹnikẹ́ni bá ti dá ìmọ̀ràn kan nípa ilé náà, kò lè sọ pé rárá. Lójú rẹ̀, bí ọwọ́ ará ìlú bá ṣe pọ̀ nínú ilé tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ṣòro tó láti lé onílé jáde.

Báyìí ni ilé náà ṣe di ohun tó dà. Ìsàlẹ̀ iwájú rẹ̀ jẹ́ ti Àgùdà: òpó lílọ́, ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ lókè bí ọrun, òdòdó àti ewé àjàrà tí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì ṣe sórí gbogbo fèrèsé. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Hausa kọjá, ó ní ilé ọlọ́rọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwo lórí bíi tàwọn ilé Kánò, bíríkìlà bá mọ ìwo ṣóńṣó-ṣóńṣó yí orí ògiri òkè ká. Káfíńtà ará Kùmásì kan gbé fèrèsé onígíláàsì pupa àti aláwọ̀ ewé wá. Ẹnì kan rántí ilé àwọn òyìnbó ìjọba, wọ́n bá fi bàràńdà yí òkè po, pẹ̀lú ọ̀pá sìmẹ́ǹtì kúkúrú tó yọ ikùn. Wúlánà béèrè pé ilé tí kò ní yàrá róbótó lẹ́nu ọ̀nà, níbo ni màìgídá yóò ti máa gba àlejò? Wọ́n bá mọ yàrá amọ̀ róbótó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi koríko bò ó. Ìyálé mi, tí kò fẹ́ ilé rárá, ló kó gbogbo àwo tó fọ́ nílé jọ fún bíríkìlà láti tẹ̀ mọ́ ògiri àtẹ̀gùn. Ó ní ṣebí a ó kúkú dà wọ́n nù ni.

Àwọn obìnrin Dàgọ́mbà ló wá lu ilẹ̀ àgbàlá fún wa. Wọ́n to ara wọn sí ìlà, wọ́n ń fi igi pẹlẹbẹ lù ú, wọ́n ń kọrin sí i, wọ́n sì ń wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú sè lé e lórí títí ilẹ̀ náà fi le tó ń dán. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ràn nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ó máa ń tutù lẹ́sẹ̀, òjò kì í sì í rí i gbé ṣe.

Omi ló pọ́n wa lójú. Ẹni tó bá ti gbé Tàmálè lásìkò ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Sìmẹ́ǹtì a máa mu omi ju ẹṣin lọ. Adágún jìnnà, orí ni a fi ń rù ú, bí mo bá dé báyìí, bíríkìlà á dúró lókè àkàsọ̀ rẹ̀ á ní, "Ìyàwó, omi yìí kò tó o." Ó wù mí kí n gòkè lọ da omi náà lé e lórí. Àwọn ènìyàn ń dúró ní títì wo òdòdó orí fèrèsé wa, wọ́n ń mi orí. Èmi, bí mo bá wò ó, ọrùn mi ni mo ń rántí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ́ sìmẹ́ǹtì sí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, ọkọ mi nàka sí apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí erùpẹ̀, ó kọjú sí ìlà oòrùn, bíríkìlà sì fi okùn wọ̀n ọ́n. Mi ò mọ ojú tí mo lè fi wò ó. Wọ́n tẹ́ sìmẹ́ǹtì yí ibẹ̀ ká, wọ́n sì fi erùpẹ̀ pupa náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gígùn ènìyàn kan. Àlùfáà wa gbọ́, ó wá, ó ní itẹ́ òkú wà fún gbogbo Mùsùlùmí, kí ló dé tí tirẹ̀ fi yàtọ̀? Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kó jókòó kó jẹun.

Ohun tó kù ni orí ilé. Bíríkìlà fi àpò bo igun méjèèjì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gòkè. Ọjọ́ tó ṣí i, kìnnìún méjì ló wà níbẹ̀. Kí n má purọ́, wọ́n dára. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ iwájú, irun ọrùn wọn wú, ẹnu wọn là sílẹ̀ díẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ilé olówó kì í ṣaláìní kìnnìún níwájú. Bí ènìyàn bá kọ́lé tí kò fi í sí i, wọ́n á ní owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé òkè. Ọkọ mi pè wá jáde wá wò ó. Ó di ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní títì, ó ń wò ó láti ọ̀tún, ó ń wò ó láti òsì. Inú mi dùn fún un lọ́jọ́ náà, bí ọrùn ṣe ń dùn mí tó.

Kò sẹ́ni nínú wa tó rántí pé Tàmálè kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wúlánà dé pẹ̀lú àgbà méjì. A fi Dàgbánì, èdè wọn, kí wọn, "Dàsíbà," wọ́n dáhùn, "Náà." Wọ́n jókòó sínú yàrá róbótó. Wọ́n jẹ obì, wọ́n béèrè ara ilé, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ iṣu ìlú Sàgnárígù. Èmi ni mo gbé omi fún wọn, mo sì rí i pé wúlánà kò mu tirẹ̀. Ó pẹ́ kó tó bi ọkọ mi pé, "Màìgídá, ilé ta nìyí?"

Ọkọ mi ní, "Ilé mi ni, nípa àánú olóyè."

"Àwọn méjì tó wà lókè yẹn ńkọ́? Ta ni wọ́n ń ṣọ́?"

Ọkọ mi ní ọ̀ṣọ́ lásán ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ Yoòbá nìyẹn.

Wúlánà fi sùúrù sọ fún un pé ní Dàgbọ́n, kìnnìún kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọba wọn gan-an ni wọ́n ń pè ní kìnnìún, awọ rẹ̀ sì ni ọba ń jókòó lé. Olóyè kékeré kò tó o fi ṣeré, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ àlejò tó ń ta abẹ́rẹ́. Láti àná ni àwọn ará ìlú ti ń béèrè pé ṣé àwọn Yoòbá ti fi ọba tiwọn jẹ ní Tíṣígù ni. "Olóyè kò tíì bínú," ó ní. "Kó má baà bínú ló fi rán mi. Ẹni tí a bá fún ní ilẹ̀ láti jókòó, tó wá dìde dúró lórí rẹ̀, a lè ní kó máa lọ."

Mo wo ọkọ mi. Kò wo òkè níbi tí kìnnìún wà. Ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń wò, níbi tí erùpẹ̀ pupa rẹ̀ wà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ògiri ni ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó ní kí oòrùn tó wọ̀, kìnnìún kò ní í sí níbẹ̀ mọ́.

Bíríkìlà ló wá di wàhálà. Ó jókòó sẹ́sẹ̀ àkàsọ̀, ó ní ọwọ́ tí òun fi mọ kìnnìún kọ́ ni òun yóò fi fọ́ ọ, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn tó bá fọwọ́ kan igun yẹn, ògiri òkè yóò bá a wálẹ̀ ni. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó tún bẹ̀ ẹ́. Oòrùn ń lọ. Inú bí mi. Mo ní bí wọ́n bá fún mi ní òòlù, èmi fúnra mi yóò gòkè lọ fọ́ ọ, èmi kọ́ ni mo ru omi tí wọ́n fi mọ ọ́n ni? Wọ́n ní kí n lọ jókòó.

Ìyálé mi ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó dìde nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà, ó fi ọwọ́ ṣíjú, ó wo òkè. Ọmọ alápatà ni, ó mọ ẹran. Ó ní, "Bíríkìlà, bí ẹ bá gé irun ọrùn yẹn kúrò, tí ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, tí ẹ sì ká ìwo mọ́ ọn létí, kí ni yóò dà?"

Bíríkìlà wò ó títí. Ó ní, "Àgbò ni yóò dà, Ìyá."

"Ó dáa. Àgbò kò ṣẹ ẹnikẹ́ni." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Bíríkìlà gòkè. Ó gé irun, ó pa ẹnu dé, ó ká ìwo mọ́ etí. Nígbà tó kan ẹsẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ló gbé gbogbo ara ẹran náà dúró, bí òun bá kàn án, méjèèjì yóò já bọ́ sí títì. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ìgbéraga ni, mi ò mọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kìnnìún sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wúlánà padà wá. Ó dúró ní títì, ó wo orí, ó wo ìwo, ó wá wo ẹsẹ̀. Wúlánà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ń fi etí agbádá nu ojú. Ó ní, "Màìgídá, ta ni yóò dá irú àgbò yìí dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá?" Ọjọ́ náà ló mu omi wa. Láti ìgbà yẹn ló ti ń wá jókòó sínú yàrá róbótó ní ìrọ̀lẹ́, òun àti ọkọ mi, wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí obì bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Àlùfáà wa nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní màláíkà kì í wọ ilé tí ère ẹ̀dá abẹ̀mí bá wà. Ìyálé mi ní kó fọkàn balẹ̀, màláíkà tó bá rí ẹsẹ̀ àgbò yẹn yóò mọ̀ pé kò sí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí Gáná gba òmìnira la kó wọlé. Òkè máa ń gbóná nítorí páànù, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń sùn, a fi òkè sílẹ̀ fún ẹrù ọjà àti fún àlejò tí a bá fẹ́ fi ilé hàn. Ọyẹ́ la òpó lílọ́ kan. Gíláàsì pupa fọ́, kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rà mọ́, a fi pákó dí i. Àwọn ọmọ wa ń sọ Dàgbánì ní títì, wọ́n ń sọ Hausa lọ́jà. Bí mo bá fi Yoòbá pè wọ́n, èyí tó bá wà nítòsí ẹnu wọn ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Mi ò bá wọn jà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí.

Iṣẹ́ tèmi ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá a. Sìmẹ́ǹtì rọrùn, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ pupa yẹn kò gbélé rí. Adìẹ á wọ inú rẹ̀ lọ gbọn ara. Àwọn ọmọ á fi ṣíbí wa ihò sí i, wọ́n á gbin ẹ̀pà sí i. Mo tẹ́ ẹní lé e, ikán jẹ ẹní. Bí mo bá ṣàròyé, ọkọ mi á ní, "Ìyàwó, rọra gbá a, ibùsùn mi ni." Á máa fi ẹ̀rín sọ ọ́, ẹ̀kọ tútù á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn mélòó ló ń gbá sàréè ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọkọ náà ń béèrè iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ó máa ń bí mi nínú. Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Láti ìgbà tí ibẹ̀ ti wà, ọkùnrin yẹn ń sun oorun àsùnwọra, bẹ́ẹ̀ Sákásáká ni mo ti mọ̀ ọ́n, níbi tó ti máa ń ta jí, tí á ní òun tún rí koríko.

Ìgbà tí ọdún 1969 ń parí lọ, ìjọba pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ fi Gáná sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Rédíò la ti gbọ́ ọ. Ọkọ mi béèrè pé ìwé wo? Obì ni òun gbé lọ, olóyè sì gbà á. Ara rẹ̀ kò dá lásìkò náà, ikọ́ ti wọ̀ ọ́ lára, ó ti rù. Níta, àwọn èèyàn wa ń lu ọjà wọn ní gbàǹjo, wọ́n ń ta bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ta ìkòkò, ọkọ̀ akẹ́rù kún ibùdókọ̀. Àwọn tó ti fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ pé kò kọ́lé sí ìlú rẹ̀, wọ́n ní ilé tí wọ́n ń lọ. Àwa ní ilé tí à ń fi sílẹ̀.

Ọkọ mi ní òun kò lọ síbì kankan. Ó ní kí àwa máa lọ, kí wọ́n fi òun sílẹ̀ kí òun kú síbẹ̀, kò kúkú ní í pẹ́ mọ́. Ìyálé mi dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bí ọlọ́pàá bá wá gbé yín ńkọ́? Ọ̀nà lẹ ó kú sí, bíi ti bàbá yín, kò sì ní í sí aya tàbí ọmọ tó máa mọ ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dìde. Mi ò rí ìyálé mi kó sunkún rí. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, ó sì ń di ẹrù bó ṣe ń sunkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ó lọ, mo wá ọkọ mi sínú yàrá, mi ò rí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá a. Ó ti gbé sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ti pò ó mọ́ iyanrìn, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ sórí erùpẹ̀ pupa. Ikọ́ ń dá a dúró, á wúkọ́ tán, á tún tẹ́ ẹ. Wúlánà jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbà ti dé sí i, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń fi igbá bu omi sí i fún un.

Mo ní, "Baálé mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é."

Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. "Ilẹ̀ tó bá là sílẹ̀ báyìí," ó ní, "á máa pe ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi ni yóò máa jókòó sílé yìí. Èmi ni mo ní kí ilẹ̀ yìí dúró dè, mi ò fẹ́ kó ṣèèṣì mú òun."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dán an títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ìyókù. Mo gbá iyanrìn tó dà sílẹ̀ kúrò, kí ni ǹ bá tún ṣe? Ó kó kọ́kọ́rọ́ fún wúlánà. Wúlánà gbà á, ó ní, "Màìgídá, ògiri ṣì ni tìrẹ. Mo kàn ń bá ọ jókòó ni." Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbéra, mo wẹ̀yìn, mo rí àgbò méjèèjì lókè, mo sì rí ẹsẹ̀ wọn. Ọkọ mi kò wẹ̀yìn.

Kò kú sí ọ̀nà. Èyí ni mo fi ń dúpẹ́. A gba Tógò, a gba Dàhòmì, ìyálé mi gbé orí rẹ̀ lé itan ní gbogbo ọ̀nà náà, kò gbé e kúrò. A dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fún wa ní yàrá kan nínú ilé bàbá bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ wa sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò, wọn kò mọ ẹni tí wọn ì bá bá sọ̀rọ̀. Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tó fi kú.

Àwọn ẹbí ní inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn yóò sin ín sí, bó ṣe yẹ ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ni gbogbo ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láti ògiri dé ògiri, kò sẹ́ni tó fi àyè sílẹ̀ dè é. Wọ́n gbé dígà wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó le. Eruku rẹ̀ bo aṣọ gbogbo wa. Ọkùnrin tó ń fọ́ ọ dúró, ó nu òógùn, ó ní kí wọ́n wọ yàrá lọ wọn bàbá, kí òun lè mọ ibi tí òun yóò fọ́ dé.

Mo ní kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu. Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá eruku náà kúrò, mo sì fi ìdí ìgbálẹ̀ fa ìlà rẹ̀ sílẹ̀ fún un, òòró àti ìbú. Ibẹ̀ ló fọ́ dé. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlẹ̀, ó bá a mu.